Ta Ló Kọ "Má Kọjá Mi, Olùgbàlà"? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé Wa

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akọrin ìjọ wa ní orin. Nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò fún ìkórè, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ń kọ ohùn téńọ̀ mú ìwé orin Gẹ̀ẹ́sì wá, ó fi ìka tọ́ orúkọ wínníwínní kan lábẹ́ orin, F. J. Crosby, ó sì bi mí pé irú bàbá wo ni bàbá náà. Kí n tó dáhùn, ẹlòmíràn ti ní obìnrin ni, pé afọ́jú ni, àti pé áńgẹ́lì ni ó ń sọ orin sí i létí. Ìwé orin Yorùbá tí àwa ń lò kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí abẹ́ orin. Ta ni ẹni yìí, ṣé òun náà ni ó sì kọ "Má kọjá mi, Olùgbàlà", tọ̀rọ̀ tohùn?
Adarí akọrin, Kàbà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Obìnrin ni, afọ́jú sì ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì yẹn ni n kò bá wọn lọ́wọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan wò, nítorí pé èdè wa máa ń fi ẹnu kan sọ ohun méjì: bí a bá ní ẹnì kan "kọ orin", ó lè jẹ́ pé kálámù ni ó fi kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀fun ni, kò sì sí àmì ohùn tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Frances Jane Crosby, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Fanny Crosby, ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní ọdún 1868. Ohùn tí a fi ń kọ ọ́ kì í ṣe tirẹ̀. William Howard Doane ni ó ṣe é, oníṣòwò kan ní ìlú Cincinnati, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń rọ ẹ̀rọ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ṣiṣẹ́ igi, tí ó sì ń ṣe ohùn orin nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Wọ́n bí Fanny ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1820, ní abúlé kan ní agbègbè Putnam ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Oníṣègùn tí ìdílé náà mọ̀ kò sí nílé, ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn sì di músítádì gbígbóná mọ́ ọn lójú, ó ní yóò fa àìsàn náà jáde. Músítádì inú Bíbélì yìí náà ni, tí wóró rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ tí ó fi ya ata nu ojú rí yóò mọ ohun tí ọmọ ọwọ́ náà rí. Ìdílé rẹ̀ gbà títí ayé pé ìtọ́jú yẹn ni ó fọ́ ọ lójú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ìgbà tiwa kan rò pé ó ṣeé ṣe kí ó ti bá a wá láti inú ìyá rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá rẹ̀ fi kú, ìyá rẹ̀ sì lọ ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ìyá àgbà rẹ̀, Eunice, ni ó mú un dàgbà, tí ó ń mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò àti inú igbó, tí ó ń jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan òdòdó kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń sọ àwọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò da owó jọ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Valentine Mott, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí wọn kàn jù ní New York nígbà náà. Ó wò ó, ó sì sọ fún wọn pé kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Obìnrin kan tí wọ́n gbé nínú ilé rẹ̀ ní Ridgefield, Ìyá Hawley, wá ń ka Bíbélì sí i létí, ọmọ náà sì ń kọ́ orí mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí lọ́sẹ̀ kan. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 15, ó ti mọ ìwé Mósè márààrún, ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Òwe, Orin Sólómọ́nì àti ọ̀pọ̀ Sáàmù láìwo ojú ìwé. Adarí akọrin, ibẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ fi dá ọmọ tí ó ń sọ ti áńgẹ́lì lóhùn.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní New York ní 1835, ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀, kò sì kúrò títí di 1858, ìyẹn ọdún 23 gbáko. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ sí Washington ní nǹkan bí 1843 sí 1844, tí ó dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tí ó ka ewì tirẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí i pé ó yẹ kí ìjọba ná owó lórí ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú. Nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn ará New York ní 1849, tí ẹni tí ó rí ọ̀nà sá ti ń sá, ó dúró ti àwọn aláìsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wá ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1853, tí ó máa ń bá a kọ ewì rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń pè é. Grover Cleveland ni orúkọ rẹ̀. Ó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ṣe é.

Ní ti "Má kọjá mi", ìtàn rẹ̀ ni pé Fanny lọ bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ ní Manhattan, ó sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ké pé kí Olúwa má ṣe kọjá òun lọ. Doane ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kọ orin lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó ti padà délé, ó kọ ọ́. Ẹlẹ́wọ̀n náà kò fi orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ ni à ń bá a ké láti ọjọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ ǹlẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo kà á pé orin tí Fanny Crosby kọ lé ní 8,000. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe lè kọ orin tó bẹ́ẹ̀? Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un?
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má dá wọn lóhùn, ìṣirò ni kí o gbé kalẹ̀ fún wọn. Ọdún 1864 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ó sì kú ní 1915. Ọdún 51 nìyẹn. Bí o bá pín 8,000 sí iye ọ̀sẹ̀ tí ó wà nínú ọdún 51, yóò fún ọ ní nǹkan bí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, iye tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé orin sì ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ìyanu. Iṣẹ́ ni, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́ ni òun náà ń rọ orin.

William Bradbury ni ó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1864. Nígbà tí Bradbury kú ní 1868, àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ilé iṣẹ́ náà ní Biglow & Main, orin tí Fanny sì fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000. Dọ́là kan tàbí méjì ni wọ́n ń san fún un lórí orin kan, ẹni tí ó sì tẹ orin náà ni ó ni ín láti ìgbà náà lọ. Nítorí pé kò dára lójú àwọn atẹ̀wé kí orúkọ ẹnì kan kún inú ìwé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń fi oríṣiríṣi orúkọ bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ tí ó fi bojú bẹ́ẹ̀ súnmọ́ 200, ti ọkùnrin wà níbẹ̀, ti obìnrin wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ àmì tàbí lẹ́tà lásán. Nítorí náà, bí o bá rí orin kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí lábẹ́ nínú ìwé orin Amẹ́ríkà ti ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ní ti bí ó ṣe ń kọ ọ́, inú orí ni. Ó mọ ìwé Braille tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní okùn gìtá tí òun ń ta ti mú kí orí ìka òun yi. Yóò jókòó, yóò mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, ìwé tí kò ní ṣí tí kò sì lè kà, yóò gbé e sún mọ́ ojú, ibẹ̀ ni yóò ti máa tò ó ní ẹsẹ ní ẹsẹ. Ó lè to ọ̀pọ̀ orin pọ̀ sínú orí kí ó tó pe ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì máa pe orin méjì fún akọ̀wé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ìwé kékeré yẹn, mo rántí ìyá àgbà kan nínú ìdílé wa ní Yàgbà, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Òun ni ó ń dá orin ní ilé wa ní gbogbo alẹ́. Bí ó bá fẹ́ dé ẹsẹ kẹrin, tí àwa tí a ríran ti ń ṣí ìwé gbùràgbùrà, yóò mú igun ìró rẹ̀, yóò ká a mọ́ àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ náà yóò sì jáde. Bí a bá gba igun ìró náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún eré, yóò ní kí á dá a padà kí á tó gbọ́ orin.

Ohun tí ó wù mí kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ mọ̀ jù ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohùn orin ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1868 kan náà, Doane dé ilé Fanny ní New York pẹ̀lú ìkánjú, ó ní ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé òun lọ sí Cincinnati kù díẹ̀ kí ó gbéra, pé ogójì ìṣẹ́jú péré ni òun ní, ó sì ta ohùn orin kan fún un. Fanny gbọ́ ọ, ó wọ yàrá lọ, nígbà tí ó sì máa jáde, orin tí àwa ń pè ní "Láìfòyà l'ápá Jésù" ti pé, Doane sì bá ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1873 ẹ̀wẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, Phoebe Palmer Knapp, ta ohùn tuntun kan fún un, ó sì bi í pé kí ni ohùn yìí ń sọ. Ó ní kí ó tún un ta. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Blessed Assurance" ni ó ń sọ. Orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú gbogbo orin rẹ̀ nìyẹn, obìnrin méjì ni ó sì ni ín, ọ̀kan ni ín lóhùn, èkejì ni ín lọ́rọ̀. Bí aránṣọ tí ó wọn ènìyàn kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ ni Fanny ṣe ń gbọ́ ohùn kí ó tó gé ọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Ẹni ọdún 78 ni mí, inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má bínú, èmi kò rí ìdí tí ẹ fi ń pọ́n obìnrin yìí lé. Àwọn orin rẹ̀ kò jinlẹ̀ bíi ti àwọn àgbà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń pè lápètúnpè. Ta ló tilẹ̀ kó wọn dé ọ̀dọ̀ wa?
Bàbá ìjọ, Mọ̀pà

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tí ó bá ní gbogbo orin 8,000 náà dára kò tíì kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti kú pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ̀ wọ́n sí. Àwọn atẹ̀wé ń fẹ́ ìwé tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní kíákíá, ẹni tí ó bá sì ń kọ orin mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò lè ṣàì fi àgbélébùú, odò àti ẹ̀jẹ̀ dí àyè tí ọ̀rọ̀ tuntun ì bá wà. Èmi náà máa ń fo àwọn kan.

Àpètúnpè yẹn ni n óò bá yín jiyàn lé lórí díẹ̀. Àwọn orin wọ̀nyí ni a ṣe fún ibi tí ìwé kò ti tó tàbí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n kà: àgọ́ ìsọjí, ọgbà ẹ̀wọ̀n, yàrá tí àwọn ọ̀mùtí àti aláìnílé ń wọ̀ sùn ní ìgboro New York. Ẹnì kan yóò dá ẹsẹ, gbogbo ilé yóò gbe ègbè, ẹni tí ó sì wọlé ní ẹsẹ kejì ti mọ ègbè kí wọ́n tó dé ẹsẹ kẹta. Àwa tí àwọn baba wa ń fi lílé àti ègbè ṣe gbogbo orin, láti orí orin oko dé orí orin ìgbéyàwó, kò yẹ kí a ka ìyẹn sí àìjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Fanny fi ń lọ sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Manhattan, "Yọ àwọn tí ń ṣègbé" sì jáde láti inú àbẹ̀wò kan ní 1869, nígbà tí ó bi àwọn tí ó jókòó pé ṣé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ó ti ṣáko kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ọmọkùnrin kan sì dìde wá bá a.

Ní ti ẹni tí ó kó wọn káàkiri, Dwight Moody tí ń wàásù àti Ira Sankey tí ń bá a kọrin ni wọ́n fi wọ́n jẹ ayé, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí 1873 lọ. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni àwọn ajíhìnrere ìgbà náà bá dàgbà. Bàbá, ẹ̀yin mọ ìtàn Ẹ̀gbẹ̀ jù mí lọ: nígbà tí Tommy Titcombe, ajíhìnrere ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Yàgbà ní 1908, Fanny Crosby ṣì wà láàyè ní Bridgeport, ẹni ọdún 88 ni, ó sì ṣì ń kọ orin. A máa ń rò pé inú ayé àtijọ́ kan tí ó jìnnà ni àwọn orin yẹn ti wá. Àwọn baba yín ti gbọ́ ìhìnrere kí obìnrin náà tó kú.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, Okun o. A ń kọ orin Fanny Crosby nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa máa ń ní ọ̀rọ̀ náà ń yí padà lẹ́nu wa, pé a óò pe ohun kan, etí yóò gbọ́ òmíràn. Ṣé àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n túmọ̀ ni?
Ìyá ẹgbẹ́, Ẹ̀gbẹ̀

ÌDÁHÙN: Okun o, ìyá wa. Lẹ́tà yín yìí ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn. Àwọn atúmọ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Ibi tí wàhálà wà ni pé Fanny gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ohùn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì bìkítà bóyá ohùn gòkè tàbí ó sọ̀kalẹ̀ lórí sílébù kan, níwọ̀n ìgbà tí ibi tí a ti tẹ ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sí ibi tí ìlù ti lù. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀run ní ohùn tirẹ̀, ọrùn ní tirẹ̀, bí orin bá sì fa ọ̀kan gba ọ̀nà èkejì, ìjọ ti dá ọrùn lọ́lá nìyẹn níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ ọ̀run. Ẹni tí ó túmọ̀ bá ohùn nílẹ̀, kò lè yí i padà. Ó tún ní láti rí i pé iye sílébù pé, kí ìtumọ̀ má sì sọnù. Ẹrù mẹ́ta ni ó rù lórí kan.

Ẹ jẹ́ kí á wo orin kan tí gbogbo wa mọ̀, tí kì í ṣe ti Fanny, kí ó lè hàn kedere. Ẹ ṣí "Wá bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ lẹ́ tán", kí adarí akọrin yín kọ sólfà rẹ̀ sójú pátákó: mi, mi, re, do ni "wá bá mi gbé". Ní ẹnu, "wá" àti "bá" wà lókè, orin sì fi méjèèjì sórí mi, ó dára. "Mi" sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, orin bọ́ sí re, ó tún dára. "Gbé" yẹ kí ó padà sókè, ṣùgbọ́n orin wọ́ ọ bọ́ sí do, ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà gan-an tí à ń bẹ Olúwa sí ni ó ṣubú. Ẹ wá tẹ̀síwájú: sol, la ni "alẹ́", ohùn gòkè níbi tí ẹnu ti gòkè, ó sì bá ara rẹ̀ mu bí ìgbà tí ọmọ Yorùbá ṣe é. Nínú ìlà kan ṣoṣo, ibì kan bá a mu, ibì kan kò bá a mu. Bí ẹ bá fi ọ̀nà yìí yẹ orin Fanny tí ẹ ń kọ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ óò mọ ibi tí àwọn ọmọ yín ti ń gbọ́ òdìkejì.

Àwọn kan ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà tipẹ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bàbá àgbà Fela, ṣe orin ìjọ sí ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ní 1922 ó sì kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London. Ekundayo Phillips, tí ó ta dùùrù ní kàtídírà Èkó fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún, kọ́ àwọn akọrin rẹ̀ pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò jìnnà sí ohun tí Fanny fúnra rẹ̀ ń ṣe: kí ọ̀rọ̀ àti ohùn wọ ara wọn láìfún. Ọ̀tọ̀ ni pé tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ohùn, ti Yorùbá sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe báyìí, ìyá wa, kò le. Kí ẹ tó kọ orin, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ pe ẹsẹ náà ní ẹnu lásán, bí ìgbà tí à ń ka Sáàmù, kí ìtumọ̀ ti wọ inú kí ohùn tó wá fà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ yín ni ẹni tí ó mọ orin ṣe wà, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ohùn tuntun sí i ní Yàgbà yín gan-an. Kò sí òfin tí ó kà á léèwọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Fanny Crosby nìkan ni obìnrin tí orin rẹ̀ wà nínú ìwé orin wa ni?
Ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn, Ìjùmú

ÌDÁHÙN: Rárá o. "Bí mo ti rí, láìṣàwáwí" jẹ́ ti Charlotte Elliott, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí àìsàn dè mọ́lé ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ ọ́ ní nǹkan bí 1835, nígbà tí ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọ. "Òkè kan ń bẹ jìnnà réré" jẹ́ ti Cecil Frances Alexander ti ilẹ̀ Ireland. Àwọn ọmọdé ni ó kọ ọ́ fún, ní 1848, ó sì fi lára owó ìwé rẹ̀ ran ilé ẹ̀kọ́ àwọn odi lọ́wọ́. "Gba ayé mi, Olúwa" jẹ́ ti Frances Ridley Havergal, 1874, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, nítorí pé ó mọ ohùn orin ṣe fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ nínú orin náà pé kí Olúwa gba fàdákà àti wúrà òun. Ní 1878, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50, sínú àpótí, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí CMS, ẹgbẹ́ kan náà tí ó rán Crowther wá sí ẹ̀bá odò Ọya títí dé Lọ́kọ́jà. Iye tí ó kù sí ọwọ́ rẹ̀ kò ju èyí tí ó fi ń rántí àwọn òbí rẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí lọ. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹni ọdún 42.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ fi ìtàn ṣókí nípa Fanny Crosby sínú ìwé ètò ìkórè wa. Ohun tí a kọ nìyí: "Fanny Crosby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1829 sí 1915, ìyàwó Doane tí ó bá a ṣe ohùn orin rẹ̀. Ó lówó púpọ̀ nídìí orin, kò sì bímọ." Ṣé ó tọ̀nà?
Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè, Bùnú

ÌDÁHÙN: Ọdún tí ó kú nìkan ni ẹ gbà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, 1820 ni wọ́n bí i. Doane kì í ṣe ọkọ rẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ ni. Robert Lowry àti àwọn mìíràn náà sì bá a ṣe ohùn orin. Alexander Van Alstyne ni ọkọ rẹ̀, afọ́jú bíi tirẹ̀, tí ń ta dùùrù ní ìjọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1858, ọkùnrin náà sì ní kí ó má pa orúkọ tí ayé ti fi mọ̀ ọ́n tì. Wọ́n bímọ kan, ọmọ náà kú ní ọmọ ọwọ́, Fanny kì í sì sábà sọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ "kò bímọ" síbẹ̀; irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ nínú ìwé tí àwọn ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ yóò dì mú ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1902. Owó kò sí: ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbé ní àwọn ilé aláìní ní New York, èyí tí ó bá sì wọlé kì í pẹ́ tí yóò fi pín in fún àwọn tí kò ní. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ó ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ní Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1915, ó ku díẹ̀ kí ó pé 95. Òkúta kékeré ni wọ́n fi sórí ibojì rẹ̀, wọ́n kọ "Aunt Fanny" sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú Máàkù orí 14, ẹsẹ 8, pé ó ṣe èyí tí ó lè ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ orin kan tí yóò bá ìkórè mu, "Ògo ni f'Olúwa" ni kí ẹ mú. Ó wà nínú ìwé tí Doane àti Lowry tẹ̀ jáde ní 1875, àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ títí di 1954, nígbà tí Billy Graham, oníwàásù Amẹ́ríkà, gbọ́ ọ ní London tí ó sì mú un padà lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ní báyìí ná, ẹ tètè pe atẹ̀wé yín kí ó tó fi ìwé náà sórí ẹ̀rọ.